Ẹni Tó Jókòó Lábẹ́ Igi Kòkó Kì Í Ṣe Ọ̀gá

Ìsẹ̀-Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé.

Ọlámidé Àkànní, ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lo wà, torí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá, ara rẹ dá ṣáṣá, o tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni ara mi ò balẹ̀. Láti ìgbà tó o ti pa fóònù yẹn ni inú ti ń bí mi, mo sì mọ̀ pé tí mo bá tún pè ọ́, ariwo ni màá fi ba gbogbo ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti tábìlì bàbá rẹ láàárọ̀ yìí, tí mo mú bírò àti ìwé. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi ṣe tíṣà. O mọ̀ pé tí mo bá ti mú bírò, mi ò ní fi í sílẹ̀ títí màá fi rí ibi tí àṣìṣe wà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun, kí o má baà rò pé inú mi ò dùn sí i. Lọ́jọ́ tó o pè pé yunifásítì ti gbà ọ́ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ìṣàkóso, mo jó nínú kíṣìnnì títí ọbẹ̀ fi gbẹ mọ́ ìkòkò. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ sì ń pè mí ní ìyá ọ̀mọ̀wé láti ìgbà náà. Ohun tó o sọ lánàá ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Mo ṣàlàyé fún ọ ohun tí ìwé ìwádìí rẹ fà fún Bàbá Tọ́pẹ́ tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀, o wá ní, "Mọ́mì, fọ́tò yẹn nìkan ni àṣìṣe. Tíọ́rì náà ṣì dúró."

Kí ló dúró? Ọlámidé, mo ní kí ló dúró?

Jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, torí o ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Lọ́dún tó kọjá o wá sílé, o ní o fẹ́ mọ ohun tó ń mú ẹgbẹ́ àáró pẹ́, pé ohun tó o bá rí lọ́dọ̀ àwa tí à ń bá ara wa ṣiṣẹ́ oko ní yíyípo, o máa fi kọ́ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. O ní kéèsì sítọ́dì lẹ ń pè é: èèyàn á mú ẹgbẹ́ mẹ́ta péré, á wò wọ́n fínnífínní, á sì fa tíọ́rì yọ láti inú ohun tó bá rí. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Inú mi dùn pé ẹnì kan ní yunifásítì gbà pé àgbẹ̀ Ìsẹ̀ ní nǹkan tí wọ́n lè kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo mú ọ mọ ẹgbẹ́ wa níbí, èmi ni mo bẹ àbúrò bàbá rẹ ní Ìkẹ́rẹ́ pé kó mú ọ dé ọ̀dọ̀ tiwọn, èmi náà ni mo bá akọ̀wé ẹgbẹ́ Èmùré sọ̀rọ̀. Nítorí náà ọwọ́ mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní díbọ́n pé kò sí níbẹ̀.

O bá wa lọ sóko lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo. À ń ṣán oko kòkó, o sì rí Bàbá Tọ́pẹ́ tó jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi. Kò mú àdá, ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò wá. O ya fọ́tò rẹ̀. O padà sílé lọ́sàn-án, o jẹ iyán, o sùn. Nígbà tí ìwé rẹ jáde, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó bá ní alábòójútó tí kì í fọwọ́ kan iṣẹ́, tó kàn jókòó tó ń ṣọ́ àwọn yòókù, ni ẹgbẹ́ tó máa ń pẹ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu Bàbá Tọ́pẹ́, Ọlámidé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí apá òsì rẹ̀ kò ti gbé nǹkan mọ́. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá kì í dúró sílé. Á wá sóko, á jókòó síbi tí gbogbo wa ti ń rí i, láti àárọ̀ títí iṣẹ́ á fi tán. Jíjókòó yẹn ni iṣẹ́ tirẹ̀. A ti kà á kún ara wa nìyẹn, tí ọjọ́ tirẹ̀ bá sì pé, gbogbo wa á lọ ṣán oko rẹ̀. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, tí bàbá mi wà lára wọn, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀lẹ tó ń fi àìsàn bojú kò lè jókòó lásán látàárọ̀ dọ́sàn-án kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wò ó. Ara á ni ín, á dìde fúnra rẹ̀, á lọ mú àdá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lóòótọ́ nìkan ló ń lè jókòó títí iṣẹ́ á fi parí.

O ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n Bàbá Tọ́pẹ́ kì í ṣe àlejò sí ọ. Òun ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé ọ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò àṣewọlé, tí òjò pa ẹ̀yin méjèèjì, tó dúró lẹ́nu ọgbà títí o fi jáde. O mọ̀ ọ́n nígbà tó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. O wá bá a lórí àpótí pẹ̀lú ọ̀pá, ẹnu rẹ ò sì gba kó o béèrè pé Bàbá, kí ló ṣe yín?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń pín irúgbìn kòkó àti oògùn fún àwọn àgbẹ̀. Ó bá wa lóko, ó mú ìwé kan dání, ó ní iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kan tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí ni. Mo tiẹ̀ sọ fún obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ọmọ mi ni, mo ń yangàn. Ọkùnrin náà ka òfin tuntun sí wa létí: ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ gba irúgbìn gbọ́dọ̀ fi orúkọ alábòójútó kan ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni mìíràn tí kò bá sì mú àdá kò gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ó wo fọ́tò inú ìwé, ó wo Bàbá Tọ́pẹ́, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ṣé ẹ̀yin ni alábòójútó náà.

Bàbá Tọ́pẹ́ fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó ní òun kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ara òun ni kò dá. Ọkùnrin náà tún wo ìwé, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní láti yọ orúkọ Bàbá kúrò. Kò bú u, kò pariwo mọ́ ọn. Ohun tí ìwé sọ ló ń tẹ̀ lé. Ojú wá ti Bàbá Tọ́pẹ́ níwájú gbogbo wa, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n, kò sì tíì padà sóko láti ọjọ́ náà. Àáró méjì ti kọjá. Nígbà tí alága wa lọ pè é, ó ní, "Ìwé ti ní ọ̀gá ni mí, ọ́fíìsì ní ọ̀lẹ ni mí. N ó wà ní ulé mi."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí, kó má baà rú ọ lójú. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ó kàn án nínú àáró. Oko rẹ̀ ti kún, òjò ń rọ̀, kòkó ti ń dúdú lórí igi nítorí pé afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Tí a ò bá ṣán an, gbogbo èyí tó kù lórí igi lọ́dún yìí á jẹrà síbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò ní oko mìíràn. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ oko òun nígbà tí òun ò tíì jókòó fún wọn. Nínú ẹgbẹ́, àwọn kan ní àwọn á lọ tipátipá, àwọn kan ní àwọn ò lè pàdánù irúgbìn nítorí ẹnì kan. Wọn ò kí ara wọn dáadáa mọ́. Ìwé rẹ ló là wọ́n sí méjì.

Ní báyìí, gbọ́ ìmọ̀ràn. Èmi náà ti ṣe irú èyí rí nígbà tí mo kéré sí ọ, mo sì ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Èkínní, má ṣe wo ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí nìkan. Wo ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí pẹ̀lú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà ní Èmùré, àwọn ọmọ mẹ́ta kan máa ń pẹ́ dé ilé ìwé. Ọ̀gá wa ní kí n wádìí rẹ̀. Mo wádìí: abà kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń wá, abà náà sì jìn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ tìgbéraga-tìgbéraga pé ọ̀nà jíjìn ló fà á, mo sì dábàá pé kí àwọn òbí wọn wá ibi tí wọ́n á máa gbé nínú ìlú. Ọmọ mẹ́rin mìíràn ń ti abà yẹn wá, wọ́n sì ń dé kí agogo tó lù. Mi ò wò wọ́n rárá, torí wọn ò ṣẹ̀ mí. Nítorí ìwé tí mo kọ, wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́, sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan nínú ìlú. Ìbátan náà sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Kí ọdún tó parí, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàdé mi lẹ́yìn ìgbà náà, ó ṣàlàyé fún mi pé ọmọ náà ló máa ń sá kòkó sí oòrùn láràárọ̀ kó tó kúrò nílé, ká ní mo béèrè ni, òun ì bá máa sá a fúnra òun. Títí dòní, tí mo bá rí kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, ojú ọmọ yẹn ni mo ń rí.

Ìwọ náà mú ẹgbẹ́ mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣì wà. Ta ló sọ fún ọ pé àwọn tó ti tú ká kò ní alábòójútó? Ẹgbẹ́ kan wà lójú ọ̀nà Èmùré nígbà tó o wà ní kékeré. Wọ́n ní ọ̀gá kan tó máa ń jókòó lóòótọ́, tó máa ń nàka sí èèyàn, ìwọ lọ sọ́tùn-ún, ìwọ lọ sósì. Kò tó ìgbà òjò méjì tí wọ́n fi fọ́nká. Bàbá rẹ wà nínú wọn kó tó wá sí tiwa, ó sì sọ ìtàn ọkùnrin yẹn títí ó fi kú. Ká ní o béèrè lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá ti júwe ilé àwọn tó kù nínú wọn fún ọ. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn tó láti da tíọ́rì rẹ nù, ṣùgbọ́n o ò wá a lọ.

Èkejì, má ṣe ki ìdáhùn bọ inú ìbéèrè. Akọ̀wé Èmùré ti tú àṣírí fún mi. Ó ní o ò dé oko wọn rárá, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì lo ti bá òun sọ̀rọ̀, o sì bi òun pé, ta ni alábòójútó yín? O ò bi í bóyá wọ́n ní. Ó ní òun wò ó pé ó yẹ kí wọ́n ní, kí ojú má baà ti òun níwájú ọ̀mọ̀wé, lòun bá dárúkọ ẹ̀gbọ́n òun. Ìbàdàn ni ẹ̀gbọ́n yẹn ń gbé, Ọlámidé. Àjọ̀dún Kérésì nìkan ló máa ń wálé. Ti Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́? Ìyá arúgbó tó o kọ pé ó ń bójú tó iṣẹ́, òun ló ni oko tí wọ́n ń ṣán lọ́jọ́ náà, ìkòkò iṣu ló ń ṣọ́. O wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu. Wọ́n bá ara wọn mu torí pé ìwọ kan náà lo wò wọ́n, ohun kan náà lo sì ń wá.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí, torí èèyàn máa ń rí ohun tó bá ti gbà lọ́kàn. Nígbà tí bàbá rẹ gbé mi níyàwó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, mo rí i lẹ́ẹ̀mejì tí ìyá rẹ̀ ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo parí èrò lójú ẹsẹ̀: èèwọ̀ ìdílé yìí ni, wọn kì í jẹ ẹ̀wà. Oṣù márùn-ún ni mi ò fi se ẹ̀wà nínú ilé yẹn, bàbá rẹ ń rù, kò sì sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ìyá náà pè mí sẹ́yìn ilé, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ kì í jẹ ẹ̀wà ní Ìsẹ̀ ni?" Òun náà ti wò mí, òun náà ti fa tíọ́rì tirẹ̀ yọ. Inú ló ń run ún lọ́jọ́ méjèèjì tí mo rí i. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, kò sì sẹ́ni tó pàdánù oko nítorí ẹ̀wà. Tìrẹ yìí ni mi ò lè rín.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà, èyí tó kàn ni kó o gbọ́. Tó o bá kọ nǹkan nípa èèyàn, mú un padà lọ fún un kó tó di ìwé. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, ká ní o fi ránṣẹ́ sí mi, ká kà á sí Bàbá Tọ́pẹ́ létí, kì bá tí gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ láti tún un ṣe fún ọ. O fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ìlú òyìnbó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára. Kí ni wọ́n mọ̀ nípa oko Ìsẹ̀? Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni o ò bi. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí àárín wọn ni o ti jáde.

Má sì rò pé mo ní kó o má fa tíọ́rì yọ mọ́. Tíọ́rì wà nínú oko yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo kàn gbà kọjá. Ṣé o fẹ́ mọ ìdí tí ẹgbẹ́ wa fi pẹ́? Gbogbo ẹni tó ń mú àdá níbẹ̀ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí apá òun ò bá gbé àdá mọ́, oko òun kò ní di igbó. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn jí láàárọ̀ lọ ṣán oko ẹlòmíràn. Èrò tèmi nìyẹn, ẹnu èmi nìkan lo sì ti gbọ́ ọ, nítorí náà má gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìkẹ́rẹ́ àti Èmùré. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tí tiwọn tú ká bóyá àwọn máa ń ṣán oko aláìsàn. Tó o bá rí i pé irọ́ ni, kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni ìyá rẹ pa, màá fọwọ́ sí i.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́, ìwé yìí ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbà ọ́, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé tó o bá sọ pé o ṣì í wò, wọ́n á fojú tín-ín-rín rẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní tàn ọ́ jẹ pé kò ní dùn ọ́. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ nìyí: kọ̀wé sí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà jáde, kó o sọ pé o ṣì í. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì náà, kó o sọ ẹni tí Bàbá Tọ́pẹ́ jẹ́ àti ìdí tó fi jókòó. Alága wa ní tí ẹ̀dà ìwé tó o kọ sí ọ́fíìsì bá ti tẹ òun lọ́wọ́, gbogbo ẹgbẹ́ á jáde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Tó ò bá kọ ọ́, èmi á lọ sí ọ́fíìsì náà fúnra mi, màá sọ fún wọn pé ọmọ tí mo bí ló ṣì í, màá sì dárúkọ rẹ ní kíkún. Lẹ́yìn ìwé méjèèjì, wá sílé kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ìwọ nìkan ló lè bẹ Bàbá náà kó jẹ́ ká wọ oko rẹ̀.

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lánàá lẹ́yìn ìsìn, kí n tó pè ọ́. Mi ò sọ èyí fún ọ lórí fóònù torí ǹ bá bú sẹ́kún. Mo rò pé á bú ọ, mo ti múra láti bá ọ tọrọ àforíjì. Ó bi mí bóyá wọ́n ti fún ọ ní iṣẹ́ yunifásítì náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára, Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá wo apá òsì rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ọlámidé, tó bá jẹ́ pé títún ìwé yẹn ṣe ló máa ba iṣẹ́ ọmọ náà jẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tún un ṣe. Kí oko náà lọ."

Mo dìde níbẹ̀, mo wá sílé. Ìgbà náà ni mo pè ọ́. Wá, kó o dá a lóhùn fúnra rẹ.

Ìyá rẹ,
tí inú ń bí, tó sì ti tẹ́ ibùsùn rẹ sílẹ̀.